Bí ẹ ṣe lè mú ẹ̀ka ọsàn wẹ́wẹ́ àti gúáfà ta gbòǹgbò nílé ní Abẹ́òkúta

Igi gúáfà tó wà lẹ́yìnkùlé yín, tí èso rẹ̀ tóbi, tí inú rẹ̀ pupa fòò, tí àwọn ọmọdé kì í jẹ́ kó pọ́n tán kí wọ́n tó ká a, ẹ lè gbin kóró rẹ̀ kó hù dáadáa, síbẹ̀ kí èyí tó máa so má jọ ti ìyá rẹ̀ rárá. Kóró máa ń mú nǹkan wá lára igi mìíràn tí kòkòrò ti gbé ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ wá. Ẹ̀ka kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tí ẹ gé lára igi kan, igi yẹn náà ni: bí èso rẹ̀ ṣe tóbi tó, bó ṣe dùn sí, àsìkò tó máa ń so, kò sí èyí tó máa yí padà níbẹ̀. Ó sì ní àǹfààní kejì. Ẹ̀ka tó wá láti ara igi tó ti ń so kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi ẹ̀ka gbìn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún 2 sí 3, nígbà tí èyí tí a fi kóró gbìn lè gba ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa tí a ń gbé Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀ ni mo ń kọ èyí fún, àwa tí a mọ igi rere kan nítòsí, tí a kò sì ní ẹ̀rọ tí ń fọ́n omi bí ìkùukùu tí àwọn ọgbà ńlá ń lò. Ọ̀rá, ike omi, yanrìn àti abẹ tó mú ti tó. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹ̀ka tí ẹ ti gé kò ní gbòǹgbò tó máa fi mu omi, bẹ́ẹ̀ ewé rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ó ń tú omi sínú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ọ̀sán. Bí omi ara rẹ̀ bá tán kí gbòǹgbò tó yọ, ó ti parí nìyẹn. Òǹgbẹ ni ọ̀tá wa. Oògùn tí wọ́n ń tà, oyin, omi àgbọn, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń tò sí.

Igi tó gbà àti igi tí kò gbà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ẹ̀ka igi eléso bí ẹni ń gbin ẹ̀gẹ́. Wọ́n á gé e, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, wọ́n á máa retí. Ẹ̀gẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ nítorí pé oúnjẹ àti omi pọ̀ nínú igi rẹ̀. Nínú igi eléso àyíká wa, ìyeyè ló gbà bẹ́ẹ̀ jù. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, tó gùn tó mítà kan tàbí méjì, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, ó máa hù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ṣe ọgbà yí oko ká. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ lórí ìyeyè.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti lẹ́mọ́ọ̀nù ni mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rọrùn, igi wọn sì wà níbi gbogbo. Àjàrà náà rọrùn bí ẹ bá rí ẹni tó ní in.

Gúáfà le díẹ̀. Ẹ̀ka gúáfà tí a gé tí a rì sínú yanrìn máa ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀ bí kò bá sí omi tó ń fọ́n sí i lára léraléra. Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà tó bá a lára mu gan-an, ìyẹn ni pé kí a mú ẹ̀ka ta gbòǹgbò nígbà tó ṣì wà lórí igi. Màá ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí pé òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Mángòrò, àgbálùmọ̀, píà: ẹ má fi ẹ̀ka wọn ṣòfò. Lílọ́ ni wọ́n ń lọ́ wọn, ìyẹn ni pé wọ́n á mú ojú tàbí ẹ̀ka igi rere, wọ́n á lọ́ ọ sára ọmọ igi tí wọ́n fi kóró gbìn. Ọsàn mímu náà, lílọ́ ló dára fún un, torí pé bí ó bá dúró lórí gbòǹgbò ara rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ń gba omi dúró, ìdí rẹ̀ máa ń jẹrà. Ẹni tó bá fẹ́ àwọn wọ̀nyí, kó ra èyí tí wọ́n ti lọ́. NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́, wà ní Ìdí-Ìṣìn ní Ìbàdàn láti ọdún 1975. Nílé wa níbí, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, wà ní ọ̀nà Alábàtà, ẹ lè bá àwọn tó ń bójú tó igi eléso níbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àsìkò

Àwọn ìwé tí wọ́n kọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà máa ń sọ pé kí a gé ẹ̀ka nígbà ooru, láàárín Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹjọ. Ohun tó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀ka tó rú lẹ́yìn òtútù wọn ti ń gbó díẹ̀díẹ̀ lásìkò náà. Ẹni tó bá wá rò pé ooru tiwa náà ni, tó gé ẹ̀ka ọsàn rẹ̀ ní Oṣù Kejì tàbí Oṣù Kẹta nígbà tí páànù orí ilé ń jó bí iná, ó ti fi ẹ̀ka yẹn lé òǹgbẹ lọ́wọ́. Ilẹ̀ gbẹ, igi fúnra rẹ̀ ń wá omi, afẹ́fẹ́ sì ń fa omi jáde lára ewé.

Tiwa yàtọ̀. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa láàárín Oṣù Kẹta sí Oṣù Kẹrin. Kò ní pẹ́ tí igi á fi rúwé tuntun. Nígbà tí Oṣù Karùn-ún bá fi máa parí, ẹ̀ka tuntun yẹn ti ń gbó, ọ̀rinrin sì ti wà nínú afẹ́fẹ́. Láti ìgbà yẹn títí dé Oṣù Keje ni àsìkò àkọ́kọ́. Ìkejì wà láàárín ìsinmi òjò Oṣù Kẹjọ títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án. Mo fẹ́ràn ìsinmi òjò yẹn púpọ̀: ojú ọjọ́ máa ń ṣú, oòrùn kì í mú, ooru máa ń dínkù, òjò ńlá kì í sì í wá wó nǹkan lulẹ̀. Bó bá ti di Oṣù Kọkànlá, ẹ jẹ́ kó wà títí ọyẹ́ á fi lọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ ẹ̀ka tó tó gé

Níbí ni iṣẹ́ náà wà. Ẹ̀ka tó ṣì rọ̀ jù á rọ, á sì jẹrà. Èyí tó ti gbó jù á dúró láàyè fún ìgbà pípẹ́ láìta gbòǹgbò kankan. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni à ń wá, ọwọ́ yín ló sì máa sọ ọ́ fún yín ju ojú lọ.

Ẹ mú ẹ̀ka ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó orí rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là yí i bí ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Lókè, ẹ máa mọ̀ pé kò rí róbótó. Ó ní igun, bíi mẹ́ta, ara rẹ̀ sì ń dán pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni igun yẹn ń parẹ́, títí ẹ ó fi dé ibi tó ti yí róbótó, tó ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, àmọ́ tí ìlà eérú tín-ín-rín ti ń fara hàn lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, níbi tí èèpo ti di àwọ̀ eérú pátápátá tó sì le, ó ti gbó jù.

Gúáfà ní ti ẹ̀ tún hàn ketekete jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ tuntun ní igun mẹ́rin gédégbé, bí ẹni fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ. Bó bá ń gbó, igun náà á parẹ́, á yí róbótó, lẹ́yìn náà èèpo rẹ̀ á máa bó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ibi tó ti yí róbótó tí èèpo kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ni ẹ máa lò.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú. Bó bá tẹ̀ wọ́lọwọ̀lọ tí kò kán, ó kéré. Bó bá kán pọ́kí, ó ti gbó. Èyí tó bá tẹ̀ díẹ̀, tó wá kán, tí èèpo rẹ̀ kò sì já, òun ni kí ẹ mú.

Kí ẹ sì wo igi tí ẹ ń gé lára rẹ̀. Àìsàn ìyá ń bá ẹ̀ka lọ. Igi tí oje ń sun jáde nídìí rẹ̀, tí ewé rẹ̀ pọ́n láìbọ́ sí àsìkò, tàbí tí ẹ̀ka orí rẹ̀ ń gbẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má mú ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso lórí, nítorí èso ló máa jẹ oúnjẹ tó yẹ kó lọ sí gbòǹgbò.

Ohun tí ẹ máa rì í sí

Ilẹ̀dú tó dára fún ata àti ẹ̀fọ́ ni ẹ̀ka tí kò ní gbòǹgbò kórìíra jù. Ó ń gba omi pamọ́ jù, ìdin àti èbu, ìyẹn ohun tó ń mú nǹkan bu, sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran àti ti adìyẹ, kí wọ́n má tíì súnmọ́ ibẹ̀ rárá. Ẹ̀ka kò nílò oúnjẹ báyìí. Omi àti afẹ́fẹ́ nídìí rẹ̀ ló nílò.

Yanrìn ṣáàpù tí àwọn bíríkìlà ń lò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn yanrìn odò tó ní hóró. Ẹ dà á sínú bókẹ́ẹ̀tì, ẹ fi omi pò ó, ẹ da omi dídọ̀tí rẹ̀ nù, kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi híhó lé e lórí, kí ó tutù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo sítóòn-dọ́ọ̀sì, ìyẹn eruku òkúta tó ń ti kùárì wá. Ó pọ̀ ní Abẹ́òkúta, kò sì wọ́n, àmọ́ bí omi bá ti kàn án ó máa ń ki pọ̀, á di bíi sìmẹ́ńtì, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà gbà.

Yanrìn nìkan máa ń tètè gbẹ. Ẹ fi ohun tó ń gba omi díẹ̀ kún un, ìdajì sí ìdajì. Èyí tó wà nítòsí wa jù ni èèpo ìrẹsì. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ bó ìrẹsì ọ̀fadà máa ń ní òkìtì rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ń dà á nù ni. Ẹ sun ún kó dúdú bí èédú, kí ẹ sì tètè da omi sí i kó má bàa di eérú funfun, nítorí eérú máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ fi omi ṣàn án kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ kò bá rí i, irun èèpo àgbọn tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́ tí ẹ sì ti rẹ mọ́jú náà dára.

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpòpọ̀ náà, ẹ fún un. Bí omi bá kán tó ẹ̀kán kan tàbí méjì, ó tó. Bó bá ń ṣàn jáde láàárín ìka yín, ó pọ̀ jù.

Ike omi 1.5 lítà tó mọ́ gaara ni mo gbà yín níyànjú láti fi ṣe àkọ́kọ́. Ẹ gé e sí méjì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ lu ihò sí i nídìí, òun ni ìkòkò. Òkè rẹ̀, ẹ dé e lé e lórí padà, òun ni ìbòrí, ẹ sì lè máa ṣí ọmọrí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹni tó fẹ́ ṣe púpọ̀ lè lo róbà ọ̀dà, kó tẹ wáyà lé e lórí, kó fi ọ̀rá funfun tó ń fi ohun inú hàn bò ó, kó fi okùn dè é yí ká.

Gígé àti rírì

1. Ẹ gé e ní kùtùkùtù kí oòrùn tó yọ. Omi kún ara igi lásìkò yẹn. Bí ẹ ti ń gé e, ẹ fi aṣọ tútù wé e, kí ẹ fi sínú ọ̀rá. Ẹni tó bá ń gbé e láti Alábàtà wá sí Ọbáńtokò lórí ọ̀kadà, kó má ṣe dì í mú nínú atẹ́gùn, ewé á ti rọ kó tó délé. Ọjọ́ tí ẹ gé e náà ni kí ẹ rì í.

2. Abẹ tuntun ló dára jù. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ, ẹ pọ́n ọn, ẹ fi sípírítì nù ún. Ọ̀bẹ tó kú máa ń tẹ èèpo fọ́, ibi tó fọ́ ni jíjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀.

3. Kí ẹ̀ka náà gùn tó sẹ̀ńtímítà 15 sí 20, kó nípọn bíi pẹ́ńsùlù. Gígé ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ojú kan gẹ́rẹ́, ìyẹn ibi tí ewé ti so mọ́ igi, nítorí itòsí ojú ni gbòǹgbò ti ń yọ jù. Ẹ dá gígé ti òkè ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi má dúró lórí rẹ̀. Èyí tún ń jẹ́ kí ẹ mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Ẹ̀ka tí a dorí rẹ̀ kodò kò ní ṣe ohunkóhun.

4. Ẹ já gbogbo ewé àti ẹ̀gún tó wà ní ìdajì ìsàlẹ̀. Lókè, ẹ fi ewé 2 tàbí 3 sílẹ̀, kí ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ìdajì. Àwọn kan máa ń já gbogbo ewé kúrò kí omi má bàa jáde mọ́. Ìyẹn ti pọ̀ jù. Ewé àti ojú òkè ló ń ṣe ohun tí ń mú gbòǹgbò yọ, á sọ̀kalẹ̀ gba abẹ́ èèpo, á wá péjọ síbi tí ẹ gé. Ẹ̀ka ọsàn tí kò ní ewé kankan, agbára káká ni yóò fi ta gbòǹgbò. Ìdajì ewé ni àdéhùn láàárín òǹgbẹ àti iṣẹ́ tí ewé ń ṣe.

5. Nídìí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi abẹ họ èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó sẹ̀ńtímítà 2. Ẹ má jẹ́ kó jinlẹ̀.

6. Bí ẹ bá ní ìyẹ̀fun tó ń mú gbòǹgbò yọ, tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn oko, ẹ wo ara páálí rẹ̀ bóyá wọ́n kọ IBA síbẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń mú gbòǹgbò yọ. Èyí tó jẹ́ 0.3% bá irú ẹ̀ka yìí mu, 0.8% wà fún igi tó ti le. Ẹ da díẹ̀ sórí bébà, ẹ fi ìdí ẹ̀ka tó lọ́rinrin kàn án, ẹ gbọn èyí tó bá pọ̀ jù dànù. Ẹ má ki ẹ̀ka bọ inú ike rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́.

7. Ẹ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò sínú yanrìn náà, ẹ ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́ tó sẹ̀ńtímítà 5 sí 7, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yí ká, ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ bò ó.

Lórí ọ̀rọ̀ oògùn, Ìyá kan tó ń ta ewé àti egbò ní Ìtòkú bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé oyin ò tó fún un ni?" Mo ní, "Ìyá mi, ẹ ṣeun mà, ó láǹfààní tiẹ̀. Kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tètè jẹrà. Àmọ́ kì í ta gbòǹgbò." Ìdáhùn yẹn náà ni mo fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bi mí títí di òní. Omi àgbọn sàn díẹ̀ jù ú lọ, nítorí ó ní àwọn ohun tó ń mú ara igi dàgbà nínú. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, kó jẹ́ èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹ rẹ ìdí ẹ̀ka sínú rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ fi omi ṣàn án dáadáa kí ẹ tó rì í, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ ń fa èbu. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ bá gé lásìkò tó yẹ lè ta gbòǹgbò láìsí ọ̀kankan nínú wọn.

Ìtọ́jú

Ibi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kò sì kàn án tààrà ni kí ẹ gbé e sí: abẹ́ mángòrò, tàbí ẹ̀yìn ilé tí ògiri ṣíji bò. Bí oòrùn bá tàn sára ọ̀rá tàbí ike tí ẹ fi bò ó, inú rẹ̀ á gbóná ju ìta lọ gan-an, ewé á sì sè. Àwa tí ilé wa wà lórí àpáta tàbí tí a da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá, ẹ ṣọ́ra. Òkúta á mu ooru ní ọ̀sán, á máa tú u sílẹ̀ títí di alẹ́. Ẹ gbé e lé pákó tàbí búlọ́ọ̀kù kó má fara kan ilẹ̀.

Láràárọ̀, ẹ wo inú ìbòrí náà. Bí ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ bá wà lára rẹ̀ nínú, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, ẹ fi í sílẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi ike ìfọ́nmi tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń lọ aṣọ fọ́n omi sí ewé. Ẹ má da omi sínú yanrìn lójoojúmọ́; òǹgbẹ ni à ń bá jà, àmọ́ omi tó dúró sídìí ẹ̀ka á pa á bákan náà. Ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọjọ́ méjì méjì kí afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Ewé tó bá já bọ́ sínú rẹ̀, ẹ kó o lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ka tí ìdí rẹ̀ bá dúdú, ẹ yọ ọ́ sọnù, kó má ran èyí tó kù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú òkè lè rú ewé tuntun. Inú á dùn, ọwọ́ á sì máa yún yín láti fà á wò. Ẹ ní sùúrù. Oúnjẹ tó wà nínú igi fúnra rẹ̀ lè yọ ewé láìsí gbòǹgbò kankan nísàlẹ̀, bí ẹ bá sì fà á, ẹ ó já gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 ni ọsàn wẹ́wẹ́ sábà máa ń gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ike tó mọ́ gaara: ẹ fi ọ̀rá dúdú wé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má wọ ibẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin ẹ tú u, ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí gbòǹgbò funfun bá ti ń rìn lára ike, ẹ ti rí i láìfa ohunkóhun.

Gúáfà: kó ta gbòǹgbò lórí igi

Ẹ̀ka tó ṣì wà lára ìyá rẹ̀ kò mọ òǹgbẹ. Omi ń gba inú igi gòkè wá bá a. Ohun tí ewé ń ṣe ló ń gba abẹ́ èèpo sọ̀kalẹ̀. Bí a bá bó èèpo kúrò yípo, omi á ṣì máa gòkè, àmọ́ èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ á dúró síbẹ̀, kò ní rí ọ̀nà kọjá, ibẹ̀ ni gbòǹgbò á ti yọ. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn.

Ẹ mú ẹ̀ka tó dúró ṣánṣán, tó nípọn ju pẹ́ńsùlù lọ díẹ̀ títí dé bí àtàǹpàkò. Ẹ ka bíi sẹ̀ńtímítà 30 sí 45 láti orí rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ já ewé tó wà láyìíká ibẹ̀. Ẹ fi abẹ gé èèpo yípo, ẹ tún gé e yípo nísàlẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ńtímítà 2.5 sí 3, kí ẹ bó èèpo tó wà láàárín. Ní àsìkò òjò ó máa ń bó wẹ́rẹ́. Ẹ máa rí igi funfun tó ń yọ̀ bí ilá lọ́wọ́. Yíyọ̀ yẹn ni kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ dànù yípo títí ara igi á fi gbẹ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fojú kéré èyí, igi á tún èèpo mìíràn so padà lábẹ́ ọ̀rá, gbòǹgbò kò sì ní yọ. Bí ẹ bá ní ìyẹ̀fun IBA, ẹ fi díẹ̀ kan etí èèpo ti òkè, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń jáde.

Ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ méjì irun èèpo àgbọn tí ẹ ti rẹ, ẹ fún un kó má kán mọ́, ẹ fi bo ibẹ̀, ẹ fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹ ti là wé e pinpin, ẹ fi okùn di orí àti ìdí. Ẹ di ti òkè le dáadáa kí òjò má wọlé. Ẹ tún fi ọ̀rá dúdú bò ó lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa wò ó ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nítorí èèrà, wọ́n fẹ́ràn láti fi irú ibẹ̀ yẹn ṣe ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 10, ẹ ṣí ọ̀rá dúdú, ẹ wo inú ọ̀rá funfun. Ẹ má gé e nígbà tí gbòǹgbò bá ṣì funfun tí kò sì pọ̀. Ẹ dúró kó pọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀, kó sì ní ẹ̀ka tirẹ̀.

Kí ẹ wá fi ayùn gé e lábẹ́ ìdì náà gẹ́rẹ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, òǹgbẹ ti dé: gbòǹgbò kékeré ni, ewé sì pọ̀. Ẹ gé ìdajì ewé rẹ̀ kúrò, ẹ tú ọ̀rá láìfọ́ ìdì náà, ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá ìgbìn, ẹ fi ọ̀rá funfun bò ó lórí, kó wà ní ibòòji fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3.

Láti inú ìbòrí dé ilẹ̀

Ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí gúáfà tó ti wà nínú ọ̀rinrin fún ìgbà pípẹ́ kò mọ afẹ́fẹ́ ìta. Ẹ má ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ṣí i fún wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa fi kún un lójoojúmọ́, kó wá sùn síta láìbò, kó wá wà síta ní òwúrọ̀, títí á fi tó bí ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ewé bá rọ, ẹ bò ó padà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kàn láti jẹun. Ilẹ̀ òkè tó dára ìwọ̀n mẹ́ta, ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìyẹ tó ti jẹrà pátápátá tí kò rùn mọ́ ìwọ̀n méjì, yanrìn ìwọ̀n kan. Ẹ pò wọ́n pọ̀ sínú ọ̀rá dúdú ìgbìn tó ní ihò, ẹ fi ọmọ igi náà sí i, ẹ rọra mú un níbi ewé tàbí níbi ìdì gbòǹgbò, kì í ṣe ní ọrùn igi.

Èyí tí ẹ bá gé ní Oṣù Karùn-ún lè dé ilẹ̀ nígbà tí Oṣù Kẹsàn-án bá ń mú òjò kejì bọ̀. Èyí tí ẹ bá gé ní Oṣù Kẹjọ, ẹ jẹ́ kó wà nínú ọ̀rá ìgbìn ní ibòòji títí ọyẹ́ á fi kọjá, kí ẹ gbìn ín nígbà tí òjò tuntun bá ti fìdí múlẹ̀ ní Oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún. Ẹ fi mítà 5 sí 6 sáàárín igi kan àti èkejì, kí ẹ sì jìnnà sí ògiri àti ihò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń dà sí (soakaway).

Igi tí a fi ẹ̀ka gbìn kò ní gbòǹgbò ńlá tó máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀. Ti ẹ̀ ń tàn ká lórí ilẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi aṣọ rírọ̀ so wọ́n pọ̀, kí ìjì má bàa fà á tu, pàápàá ní Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹrin tí ìjì máa ń ṣáájú òjò. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kó má kan ara igi. Àwọn òdòdó tó bá yọ ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ já wọn kúrò. Gúáfà pàápàá kì í dúró kó dàgbà kó tó fẹ́ so, ọmọ igi tí kò tíì ga dé orúnkún lè ti máa yọ òdòdó, bí ẹ bá sì jẹ́ kó so bẹ́ẹ̀, èso yẹn ló máa gba agbára tó yẹ kí gbòǹgbò rẹ̀ fi rìn.